Orúkọ Tí A Ń Kọ Sẹ́yìn Àwòrán

Ilé ni à ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Báyìí ni àwọn àgbà wí, kò sì sí Yorùbá kan tí yóò jiyàn rẹ̀ nígbà tí ọ̀rọ̀ bá kan ọmọ tuntun. Baba yóò ronú kan ohun tí ó ṣẹlẹ̀ nínú ilé kí a tó bí i. Ìyá yóò rántí ọ̀nà tí ó gbà wá sáyé. Àwọn ẹbí yóò wo ẹni tí ó kú ṣáájú rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni wọn yóò tó pe orúkọ tí ọmọ náà yóò máa jẹ́ títí di ọjọ́ alẹ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun mìíràn wà tí ń wọ ilé ènìyàn láìní orúkọ, tí a sì ń sọ lórúkọ láìwo ilé, láìwo ọ̀nà. Fọ́tò àtijọ́ ni, pàápàá jù lọ fọ́tò ìgbà tí ọkọ̀ ojú irin ṣì ń fi èédú àti omi híhó rìn, tí èéfín rẹ̀ ń ṣú bo ojú ọ̀run, tí fèrè rẹ̀ sì ń jí àwọn ará oko lójú oorun.

Ẹnì kan ṣí àpótí ìyá rẹ̀ àgbà, ó bá irú fọ́tò bẹ́ẹ̀ níbẹ̀. Ọkọ̀ ojú irin dúró, ènìyàn bí mẹ́wàá tò síwájú rẹ̀, kò sì sí ọ̀rọ̀ kankan lẹ́yìn rẹ̀. Kí ilẹ̀ tó ṣú, a ó ti sọ ọ́ lórúkọ. Ẹnì kan yóò ní Ìbàdàn ni, ẹlòmíràn yóò ní Accra ni, ẹni tí ohùn rẹ̀ bá sì ròkè jù ni yóò borí. Ọ̀ràn tí ó yẹ kí á yẹ̀ wò nìyí: ẹni tí ó fún àwòrán ní orúkọ tí kì í ṣe tirẹ̀, tí kò sì ní èrò ibi kankan lọ́kàn, ǹjẹ́ ó dẹ́ṣẹ̀ bí? Bí ó bá dẹ́ṣẹ̀, ta ni ó ṣẹ̀? Àwòrán kò lè bínú. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ó wà nínú rẹ̀ ni ó sì ti lọ sí ibi tí àgbà ń rè.

Oríta tí a ń pè ní Circle ní ìlú Accra jẹ́ ibi tí ó dára láti dúró sí kí á fi ro ọ̀rọ̀ yìí, nítorí pé níbẹ̀ ni ohun tí ojú ń rí àti orúkọ tí ẹnu ń pè ti yí padà lọ́pọ̀lọpọ̀. Orúkọ Kwame Nkrumah ni a fi sọ oríta náà. Ibẹ̀ ni àwọn èrò tí ń lọ sí Kumasi ti ń wá ọkọ̀. Ibẹ̀ ni àwọn tí ń ta tẹlifóònù alágbèéká ti ń ná ọjà tariwo-tariwo láti òwúrọ̀ di alẹ́. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2016 ni a ṣí afárá alájà mẹ́ta tí a kọ́ síbẹ̀, àwọn ará ìlú sì yára sọ ọ́ ní Dubai. Ní ìhà ìwọ̀-oòrùn oríta náà ni odò Odaw gbà ń ṣàn lọ sí òkun, ìhà ibẹ̀ náà ni ojú irin tí ó ti Accra jáde lọ sí Nsawam sì gbà kọjá. Bí a bá fi ẹ̀yìn sí odò, tí a rìn díẹ̀, a ó dé àdúgbò kan tí a ń pè ní Accra New Town. Lagos Town ni orúkọ àdúgbò yìí tẹ́lẹ̀ rí.

Orúkọ náà kò ṣàdédé wà. Láti ìgbà ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ni àwọn ọmọ Yorùbá ti ń rin ìrìn òwò lọ sí Gold Coast, àwọn ará Ògbómọ̀ṣọ́, Ọ̀fà, Ìlọrin, Ṣakí, Ìgbòho àti àwọn ìlú mìíràn. Wọ́n ta aṣọ, wọ́n ta ìlẹ̀kẹ̀, wọ́n ta ohun wẹ́wẹ́ tí ilé kì í lè ṣe aláìní. Wọ́n bí ọmọ síbẹ̀, àwọn ọmọ náà sì gbọ́ èdè Gã àti ti Akan bí ẹni pé inú rẹ̀ ni a bí baba ńlá wọn sí. Ní ọjọ́ 18 oṣù kọkànlá ọdún 1969 ni ìjọba Busia pàṣẹ pé gbogbo àlejò tí kò bá ní ìwé ìgbélùú gbọdọ̀ gbà á tàbí kí ó fi ilẹ̀ Gánà sílẹ̀ láàárín ọjọ́ 14. (Nàìjíríà náà lé àwọn ará Gánà ní ọdún 1983; kò sí ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ mọ́ nínú ọ̀ràn yìí.) Ẹni tí ó bá fi ọjọ́ 14 palẹ̀ ìgbé ayé ọdún 30 mọ́, kì í ṣe fọ́tò ni yóò kọ́kọ́ dì. Nítorí náà, ní ilé púpọ̀ ní ilẹ̀ Yorùbá, fọ́tò kan tàbí méjì péré ni ó kù láti ayé Gánà, àìní àlàyé lẹ́yìn wọn kò sì jẹ́ ọ̀rọ̀ eré rárá.

Kí ni ojú tí ó mọṣẹ́ lè rí nínú irú fọ́tò bẹ́ẹ̀? Ohun púpọ̀ ni, bí sùúrù bá wà. Lẹ́tà tí a kọ sára ẹ̀rọ tàbí sára ọkọ̀ ẹrù ni ó yẹ kí á kọ́kọ́ wá. Bí a bá rí G.C.R., a mọ̀ pé ti Gold Coast ni, a sì mọ̀ pé a ti kọ ọ́ kí ó tó di ọjọ́ 6 oṣù kẹta ọdún 1957 tí ilẹ̀ náà di Gánà. Bí ó bá jẹ́ N.R., ti Nàìjíríà ni, kò sì lè ṣáájú ọdún 1912 tí a pa rélùwéè ìjọba Èkó pọ̀ mọ́ èyí tí ó ti Baro lọ sí Kano. Ṣùgbọ́n kí ènìyàn má yára yọ̀. Ọ̀dà tí a fi kọ lẹ́tà kì í parẹ́ ní ọjọ́ tí ìjọba bá pààrọ̀ orúkọ. Ọkọ̀ ẹrù kan lè máa ru orúkọ àtijọ́ kiri fún ọdún púpọ̀ lẹ́yìn tí orúkọ náà ti kú. Lẹ́tà ń sọ ìgbà tí fọ́tò kò lè ṣáájú. Kì í sábà sọ ìgbà tí kò lè kọjá.

Àwọn kan a máa wo ojú irin fúnra rẹ̀. Èyí náà dára, ṣùgbọ́n ó ní ibi tí agbára rẹ̀ mọ. Ẹsẹ̀ bàtà 3 àti íńṣì 6 ni fífẹ̀ ojú irin Nàìjíríà, iye kan náà sì ni ti Gold Coast, nítorí náà kò lè ya méjèèjì sọ́tọ̀. Mítà 1 ni ti Dahomey tí ó lọ sí Ṣábẹ àti ti Togo tí àwọn ará Jámánì là. Ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín èyí àti tiwa kò tó íńṣì 3, kò sì sí ojú tí ó lè rí i nínú fọ́tò tí ó ti pọ́n. Ẹ̀rọ tí ń wọ́ ọkọ̀ náà ńkọ́? Òun náà ń tan ni jẹ. Lẹ́yìn ogun àgbáyé kejì, Nàìjíríà ra irú ẹ̀rọ kan tí a fi orúkọ àwọn odò sọ, kò sì pẹ́ tí àwọn ilẹ̀ Ìlà-Oòrùn Áfíríkà fi ṣe tiwọn ní àwòṣe rẹ̀, tí wọ́n sì fi orúkọ àwọn ẹ̀yà ènìyàn pè é. Ẹni tí ó bá fi ojú ẹ̀rọ nìkan dájọ́ lè mú Nairobi wá sí Ìbàdàn láìmọ̀.

Ilẹ̀ àti oòrùn ni ẹlẹ́rìí tí ó ṣòro láti fi owó rà. Pẹ̀tẹ́lẹ̀ Accra gbẹ, koríko ni ó pọ̀ níbẹ̀ ju igi lọ. Bí ọkọ̀ bá ti kọjá Nsawam tí ó ń lọ sí Koforidua ni igbó ń dí, tí òkè sì ń yọjú. Bí fọ́tò bá ní igbó dúdú lẹ́yìn, tí àpò kòkó sì kún inú rẹ̀, kò bójú mu kí a pè é ní etí òkun Accra. Òjìji pàápàá ń sọ̀rọ̀. Ní Accra, láti ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹrin títí di ọ̀sẹ̀ kejì oṣù kẹsàn-án, oòrùn ọ̀sán gangan máa ń wà ní ìhà àríwá, òjìji a sì ṣubú sí gúúsù. Ní àwọn oṣù yòókù, òdìkejì rẹ̀ ni. Ẹni tí ó bá ti mọ ìhà tí ojú irin kọ sí, tí ó sì mọ̀ pé ọ̀sán ni a ya fọ́tò náà, lè mọ apá tí ọdún wà. Ẹni tí kò bá mọ ọ̀kankan nínú méjèèjì kò gbọdọ̀ fi òjìji pa ìtàn.

Ohun tí kò sí nínú àwòrán pẹ̀lú ń jẹ́rìí. Ní Jẹ́bà, ọkọ̀ ojú omi ni a fi ń gbé ọkọ̀ ojú irin kọjá odò Ọya kí a tó ṣí afárá ibẹ̀ ní ọdún 1916. Bí a bá rí ojú odò náà láìsí afárá, a ti mọ ìgbà tí fọ́tò kò lè kọjá. Bákan náà ni ní ọ̀nà Accra: ojú irin dé Mangoase ní ọdún 1912, kò sì dé Kumasi láti ìhà Accra títí di ọdún 1923, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ọkọ̀ tí ó ti Sekondi wá ti dé Kumasi láti ọdún 1903. Ẹni tí ó bá mú fọ́tò wá, tí ó ní baba òun àgbà ni ó wọ ọkọ̀ ojú irin láti Accra lọ sí Kumasi tààrà ní ọdún 1915, ó ti ran ojú irin lọ sí ibi tí kò ì dé.

Ewu kan tún wà tí àwọn ọ̀mọ̀wé pàápàá máa ń gbàgbé. Dígí ni a fi ń ya fọ́tò láyé ìgbà náà, bí a bá sì dojú dígí náà délẹ̀ kí a tó tẹ̀ ẹ́ sórí ìwé, apá ọ̀tún yóò di apá òsì. Ilé tí ó yẹ kí ó wà ní ìlà-oòrùn ojú irin yóò bọ́ sí ìwọ̀-oòrùn rẹ̀. Bí lẹ́tà bá wà nínú àwòrán, yóò tú àṣírí náà. Bí kò bá sí, ènìyàn lè fi ọdún mẹ́wàá wá ilé kan ní apá tí kò sí rí. Nípa ti àwọn káàdì tí a fi fọ́tò ṣe, tí a ń fi ránṣẹ́ sí ilẹ̀ òkèèrè, Jámánì ni a ti tẹ ọ̀pọ̀ wọn kí ogun ọdún 1914 tó bẹ́ sílẹ̀. Ẹni tí ó ń to orúkọ ìlú sí ìsàlẹ̀ káàdì náà kò dé Èkó rí, kò dé Accra rí. Pé a tẹ orúkọ sílẹ̀ pẹ̀lú lẹ́tà ẹ̀rọ kò sọ pé òótọ́ ni.

Ní ọdún 2011 ni National Archives, ilé tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ń kó ìwé àtijọ́ pamọ́ sí ní ìlú Lọ́ńdọ̀nù, gbé ẹgbẹẹgbẹ̀rún fọ́tò ilẹ̀ Áfíríkà sí orí íntánẹ́ẹ̀tì. Láti ọ́fíìsì tí ń ṣe àkóso àwọn ilẹ̀ amúnisìn ni wọ́n ti wá, ti Gold Coast àti ti Nàìjíríà sì wà nínú wọn. Púpọ̀ nínú wọn ni kò ní àlàyé tí ó tó. Ilé náà bẹ gbogbo ayé pé kí ẹni tí ó bá mọ ibì kan tàbí ènìyàn kan nínú wọn wá sọ ọ́. Ohun ìyìn ni èyí, nítorí kò rọrùn fún ọ̀gá láti jẹ́wọ́ pé òun kó ẹrù ẹlẹ́rù pamọ́ fún 100 ọdún láìmọ orúkọ rẹ̀. Síbẹ̀, bí a bá ṣílẹ̀kùn fún gbogbo ayé, gbogbo ayé ni yóò wọlé, ẹni tí ó mọ̀ àti ẹni tí ó fẹ́ kí a rò pé òun mọ̀. Ta ni yóò wá sọ ìyàtọ̀ àwọn méjèèjì?

Ọ̀nà tí ọmọ Yorùbá sábà máa ń gbà ṣìnà ni pé kí ó rí ojú ara rẹ̀ nínú àwòrán. Ó rí obìnrin tí ó wé gèlè, ó rí ọkùnrin tí ó wọ agbádá, bóyá ó tilẹ̀ rí ilà ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ ẹnì kan, ó sì kígbe pé, "Èkó ni! Ìddó ni!" Kò rántí pé Lagos Town wà ní Accra, pé àwọn obìnrin Ògbómọ̀ṣọ́ gbé igbá ọjà dé ibi gbogbo tí ojú irin Gold Coast dé, àti pé gèlè kì í béèrè ìwé ìgbélùú kí ó tó sọdá ẹnu ibodè. Aṣọ ń sọ ibi tí ènìyàn ti wá. Kò sọ ibi tí ó dúró sí. Nítorí náà, ẹni tí ó gba ará wa wọ̀nyí kúrò ní Accra tí ó dá wọn padà sí Èkó nínú àwòrán, ó tún ṣe nǹkan tí ó jọ ohun tí ìjọba Busia ṣe, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ìfẹ́ ni ó mú un ṣe é. Ẹ̀rí pé wọ́n gbé níbẹ̀, pé wọ́n wọ ọkọ̀ níbẹ̀, pé ará ìlú ni wọ́n jẹ́ níbẹ̀, ni ó ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ pa rẹ́.

Àwọn kan yóò wí pé ọ̀rọ̀ yìí ti le jù. Wọn yóò ní kí á wo àgbàlagbà kan tí ó ti gbé fọ́tò baba rẹ̀ kọ́ sára ògiri láti ìgbà tí wọ́n ti lé wọn dé. Ó máa ń fi han àwọn ọmọ-ọmọ rẹ̀ pé, "Bàbá mi nìyí ní téṣàn Accra." Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí ojú rẹ̀ mú wọlé, ó kí àgbà, ó wo ògiri, ó sì rí N.R. lára ẹ̀rọ náà, gbọnrangandan. Ǹjẹ́ kí ó sọ̀rọ̀ bí? Gbogbo ohun tí ojú bá rí kọ́ ni ẹnu ń sọ. Kí ni èrè pé kí ọmọdé gba ohun kan ṣoṣo tí ó kù lọ́wọ́ àgbà?

Òtítọ́ wà nínú ọ̀rọ̀ wọn, kò sì yẹ kí a fi ọwọ́ rọ́ ọ sẹ́yìn. Nínú yàrá àgbà, níbi tí ẹnikẹ́ni kò ti bi ọmọ náà léèrè, dídákẹ́ rẹ̀ kì í ṣe irọ́. Ìwà ọmọlúwàbí ni. Ṣùgbọ́n bí àgbà fúnra rẹ̀ bá yíjú sí i, tí ó wí pé, "Ìwọ tí o kàwé, ṣé o kò rí i pé Accra nìyí?", ọ̀ràn ti yí padà. Bí ó bá dáhùn pé, "Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá," ó ti jẹ́rìí. Bí wọ́n bá sì gbé fọ́tò náà kúrò lórí ògiri lọ sínú ìwé ìtàn ìlú, tàbí sí ilé ìpamọ́, tàbí sí ojú íntánẹ́ẹ̀tì níbi tí àwọn ará Accra fúnra wọn yóò ti rí i, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìtùnú mọ́. Fọ́tò jẹ́ ẹlẹ́rìí tí kò ní ẹnu. Ẹni tí ó kọ orúkọ sẹ́yìn rẹ̀ ni ó di ẹnu rẹ̀, bí ó bá sì parọ́, ẹlẹ́rìí náà kò lè yí ọ̀rọ̀ padà.

Ohun tí ọ̀dọ́mọkùnrin náà gbọdọ̀ ṣọ́ ni pé kí ó má fi òtítọ́ kékeré kan pa òtítọ́ ńlá. Lẹ́tà N.R. kò sọ pé baba àgbà yẹn kò dé Accra. Kò sọ ju pé ọkọ̀ tí ó wà lẹ́yìn rẹ̀ jẹ́ ti Nàìjíríà. Ó lè jẹ́ pé ní Ọ̀fà ni a ti ya fọ́tò náà, ní ọjọ́ tí ó ń lọ sí Èkó láti ibẹ̀ gba ọ̀nà Gold Coast. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, fọ́tò ọjọ́ ìdágbére ni, ó sì tún níye lórí ju èyí tí a rò lọ. Ṣùgbọ́n èyí pàápàá, àbá ni. Ẹni tí ó já orúkọ èké kan sílẹ̀ kò ní àṣẹ láti fi àlá dídùn mìíràn dí ààyè rẹ̀. Ibi tí ọ̀pọ̀ àwọn amòye fọ́tò ti ń ṣubú nìyí: wọ́n kọ orúkọ tí àgbà sọ, nítorí pé kò ní ẹ̀rí, lẹ́yìn náà ni wọ́n sọ tiwọn, láìní ẹ̀rí kankan náà, àfi pé wọ́n sọ ọ́ ní èdè Gẹ̀ẹ́sì.

Bí ẹnikẹ́ni bá ṣì ń bi í pé kí ni àṣìṣe orúkọ lè bàjẹ́, kí ó padà sí Circle. Ní alẹ́ ọjọ́ 3 oṣù kẹfà ọdún 2015, òjò ńlá rọ̀, omi bo oríta náà, àwọn ènìyàn sì sá wọ abẹ́ òrùlé ilé epo kan láti fara pamọ́. Iná sọ níbẹ̀. Ènìyàn tí ó lé ní 150 ni ó kú. Láti ìgbà náà ni ọ̀rọ̀ ibi tí odò Odaw máa ń tẹ́ sí láyé àtijọ́, kí a tó fi ilé àti ìdọ̀tí há a mọ́, ti di ọ̀rọ̀ ẹ̀mí. Fọ́tò ojú irin àtijọ́ wà lára ohun tí ó lè là wá lójú, nítorí pé àwọn tí ó la ojú irin a máa wo ibi tí omi ń dé kí wọ́n tó kó erùpẹ̀ jọ, a sì lè fojú wọn bí wọ́n ti gbé e ga tó nínú àwòrán. Odò Densu sì ń ṣàn ní Nsawam, lórí ọ̀nà ojú irin kan náà. Ẹni tí ó bá fi àìbìkítà kọ "Odaw" sẹ́yìn fọ́tò Densu kò ní ibi lọ́kàn. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó gbà á gbọ́ lè fi ṣe ìwọ̀n ibi tí kò yẹ kí a kọ́lé sí, kí ìwọ̀n náà má sì bá ilẹ̀ mu. Nígbà náà ni a ó mọ ẹni tí ẹ̀ṣẹ̀ náà kàn. Àwọn alààyè ni, tí kò mọ̀ pé fọ́tò kankan wà.

Ẹ̀ṣẹ̀ mìíràn wà tí ó fara sin ju èyí lọ, àwọn tí kì í ṣe àṣìṣe rárá ni wọ́n sì ń dá a jù. Àwọn olùfẹ́ ọkọ̀ ojú irin wà, ní Gẹ̀ẹ́sì àti ní ibòmíràn, tí wọ́n lè wo àgbá ẹ̀rọ kan kí wọ́n sọ ilé iṣẹ́ tí ó rọ ọ́, ọdún tí a rọ ọ́ àti iye táyà rẹ̀. Ìmọ̀ wọn ga, a sì jẹ wọ́n ní ọpẹ́. Ṣùgbọ́n nínú fọ́tò kan náà, ọkùnrin kan dúró ti ẹ̀rọ náà pẹ̀lú ṣọ́bìrì lọ́wọ́, òógùn bò ó. Ohun tí wọ́n kọ nípa rẹ̀ kò ju "òṣìṣẹ́ ọmọ ilẹ̀" lọ, bí wọ́n bá tilẹ̀ kọ nǹkan. Gómìnà tí ó wá ṣí téṣàn ní orúkọ. Ẹ̀rọ ní orúkọ. Ajá gómìnà pàápàá lè ní orúkọ. Ẹni tí ó ń da èédú sínú iná ni kò ní.

A kò gbọdọ̀ rò pé nítorí àìmọ̀ nìkan ni. Wíwá orúkọ ọkùnrin yẹn ṣòro ju wíwá ti ẹ̀rọ lọ, ohun tí ó bá ṣòro ni à ń fi sílẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni àwọn tí ó ṣiṣẹ́ lórí ojú irin kì í ṣe ènìyàn lásán nínú ìtàn àwọn ilẹ̀ wọ̀nyí. Pobee Biney tí ó wà lára àwọn tí ó ṣáájú àwọn òṣìṣẹ́ Sekondi nígbà ìjà òmìnira Gold Coast, awakọ̀ ojú irin ni. Michael Imoudu tí gbogbo Nàìjíríà mọ̀ ní àkókò ìdáṣẹ́sílẹ̀ ọdún 1945, òṣìṣẹ́ rélùwéè ni. Ta ni ó lè sọ iye fọ́tò tí irú wọn wà nínú rẹ̀ lábẹ́ orúkọ "òṣìṣẹ́ ọmọ ilẹ̀"? Èédú tí ó wà nínú ọkọ̀ náà sì ní ìtàn tirẹ̀. Èédú Enugu rìn lórí omi dé Gold Coast, a sì fi wa ọkọ̀ ojú irin ibẹ̀. Nínú àwọn tí ń wa èédú ní Enugu ni ọlọ́pàá ti yìnbọn pa ènìyàn 21 ní Iva Valley ní ọjọ́ 18 oṣù kọkànlá ọdún 1949. Wọn kò sí nínú fọ́tò, ṣùgbọ́n nǹkan tí irú wọn fi ọwọ́ wà jáde nínú ilẹ̀ wà níbẹ̀, ó dúdú, ó sì ń dán nínú oòrùn.

Èdè Yorùbá ti fún wa ní irinṣẹ́ tí iṣẹ́ yìí ń fẹ́, bí a bá lè lò ó. "Mo rí i" kì í ṣe ọ̀kan náà pẹ̀lú "wọ́n ní". "Ó dájú" kì í ṣe ọ̀kan náà pẹ̀lú "ó jọ", bẹ́ẹ̀ ni "ó jọ" kò sì rẹlẹ̀ tó "bóyá". Ẹni tí ń kọ̀wé sẹ́yìn fọ́tò lè fi ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn sí ipò tirẹ̀. Ó lè kọ pé N.R. wà lára ẹ̀rọ, èyí tí ojú rí. Pé ó jọ Ọ̀fà, nítorí irú òrùlé báyìí báyìí. Pé ọmọ ẹni tí ó wà nínú rẹ̀ ní Accra ni, àti ọjọ́ tí ó sọ bẹ́ẹ̀. Kò sí ìdí tí ọ̀rọ̀ àgbà fi ní láti parẹ́ kí ọ̀rọ̀ amòye tó wọlé. Agbẹ́jọ́ ẹnì kan dá, àgbà òṣìkà ni. Bí a bá ní kí á yọ orúkọ tí kò tọ́ kúrò, kí á fi ìlà kan fà á já, kí ẹni tí ń bọ̀ lẹ́yìn lè kà á. Kí á má fi ọ̀bẹ họ ọ́ dànù. Ó lè jẹ́ pé ẹni tí ó fà á já ni ó ṣì í.

Iṣẹ́ wà níbẹ̀ fún ẹni tí ó bá fẹ́ ṣe é nígbà tí àkókò ṣì wà. Àwọn tí ó jẹ́ ọmọdé ní Lagos Town ní ọdún 1969 ti di àgbàlagbà, àwọn tí ó ti ń ṣòwò nígbà náà kò sì pọ̀ láyé mọ́. Ní Circle, àwọn ará Gã wà tí àwọn òbí wọn mọ ibi tí ọkọ̀ ojú irin ti máa ń fọn fèrè kí ó tó sọdá. Ní Ògbómọ̀ṣọ́ àti Ọ̀fà, àwọn ìyá àgbà wà tí wọ́n mọ ẹni tí ó wé irú gèlè báyìí ní ìsọ̀ kẹta láti ẹnu ọ̀nà. Tẹlifóònù alágbèéká tí à ń rà ní oríta náà lè gbé fọ́tò kan láti ọ̀dọ̀ àwọn ti ìhín dé ọ̀dọ̀ àwọn ti ọ̀hún kí iṣu tó jiná. Ohun tí ó kù ni kí ẹni tí ó fi ránṣẹ́ má kọ orúkọ sí i kí wọ́n tó dáhùn, nítorí bí ó bá ti kọ ọ́, ọ̀pọ̀ nínú wọn yóò gbà fún un nítorí àpọ́nlé. Kí ó sì béèrè lọ́wọ́ wọn nípa ọkùnrin tí ó mú ṣọ́bìrì lọ́wọ́ kí ó tó béèrè nípa ẹ̀rọ.